Ọdẹ Pẹ́pẹ́yẹ Lórí Òkun

Bí ènìyàn bá dúró ní etíkun Èkó tàbí ti Àgbádárìgì, tí ó kọjú sí ibú, òkun Àtìláńtíìkì ni ó ń wò yẹn. Òkun kan náà yìí ni ó lọ títí tí ó fi dé etíkun ìhà àríwá-ìlà-oòrùn ilẹ̀ Amẹ́ríkà, níbi tí ìpínlẹ̀ Maine gbé wà. Bí omi náà tilẹ̀ jẹ́ ọ̀kan, ìwà rẹ̀ kò dọ́gba. Ní ọ̀dọ̀ wa, omi náà lọ́ wọ́ọ́rọ́. Ní ọ̀hún, bí ìgbà òtútù bá dé, ó tutù tó bẹ́ẹ̀ tí ẹni tí ó bá ṣubú sínú rẹ̀ kò fi ní pẹ́ tí ọwọ́ ara rẹ̀ yóò fi kọ̀ láti ṣiṣẹ́. Lórí omi tútù yìí ni àwọn ọdẹ kan ti ń wá ẹran. Kì í ṣe ẹja ni wọ́n ń wá, pẹ́pẹ́yẹ òkun ni.

Nínú àyọkà yìí, a fẹ́ sọ bí ẹni tí kò ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ rí ṣe lè bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ẹni tí ó bá gbọ́ ọ̀rọ̀ ọdẹ lè rò pé ìbọn yíyìn ni olórí ẹ̀kọ́ rẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Ohun tí ọdẹ òkun kọ́kọ́ gbọ́dọ̀ kọ́ ni bí a ti ń kọ̀: kí ó kọ̀ láti jáde ní ọjọ́ tí ojú ọ̀run bá burú, kí ó kọ̀ láti yìnbọn sí ẹyẹ tí ó jìnnà jù, kí ó sì kọ̀ láti pa ju iye tí òfin fi sílẹ̀ fún un. Ẹni tí kò bá mọ ohun mẹ́ta wọ̀nyí, bí ó ti wù kí ọwọ́ rẹ̀ tọ́ tó, kò tíì di ọdẹ òkun.

Kí a tó lọ síwájú, ó yẹ kí a mọ ẹyẹ tí à ń sọ̀rọ̀ rẹ̀. Kì í ṣe pẹ́pẹ́yẹ tí ń rìn kiri ní ẹ̀yìnkùlé wa, tí à ń da àgbàdo fún. Ẹyẹ tí ẹnikẹ́ni kò sìn ni, tí ó ń gbé lórí ìgbì, tí ó sì ń rì sísàlẹ̀ omi láti wá oúnjẹ rẹ̀. Oríṣi mẹ́ta ni ọdẹ etíkun Maine sábà máa ń bá pàdé. Èkíní ni áídà, tí ó tóbi jù nínú gbogbo pẹ́pẹ́yẹ ìhà àríwá ayé. Ìwọ̀n rẹ̀ a máa tó kílógíráàmù 2. Akọ rẹ̀ funfun ní ẹ̀yìn, ó sì dúdú ní ikùn àti ní àtàrí, ṣùgbọ́n abo rẹ̀ ní àwọ̀ ewé gbígbẹ. Ẹran inú ìkarawun tí ó lẹ̀ mọ́ àpáta ni áídà ń jẹ. Tòun ti ìkarawun ni yóò gbé e mì, ìwe rẹ̀ ni yóò sì lọ̀ ọ́ kúnná.

Èkejì ni sukótà, tí ó tún pín sí ọ̀nà mẹ́ta. Akọ gbogbo wọn ni ó dúdú, ṣùgbọ́n ọ̀kan ní àmì funfun ní ìyẹ́ apá, òmíràn ní àmì funfun ní iwájú orí àti ní ẹ̀yìn ọrùn, ẹ̀kẹta sì ní kókó tí ó pọ́n bí ọsàn ní ìdí àgógó rẹ̀. Oríṣi kẹta ni pẹ́pẹ́yẹ onírù-gígùn, ẹyẹ aláriwo tí ara rẹ̀ kéré, ṣùgbọ́n tí a ti rí i pé ó lè rì dé ìsàlẹ̀ mítà 60 nínú omi.

Ohun kan wà tí ó yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ fi sọ́kàn nípa àwọn ẹyẹ wọ̀nyí. Wọn a máa pẹ́ láyé, ṣùgbọ́n wọn kì í tètè pọ̀ sí i. Abo áídà kì í yé ẹyin títí yóò fi pé ọmọ ọdún 2 tàbí 3. Ẹyin tí ó sì ń yé lọ́dún a máa wà láàárín 3 sí 6, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ nínú ọmọ tí ó bá pa ni àwọn ẹyẹ apẹran-jẹ ń gbé lọ. Nítorí náà, bí a bá pa abo áídà kan lónìí, yóò pẹ́ kí a tó rí òmíràn dípò rẹ̀.

Ní ilẹ̀ wa, ọmọ tí yóò di ọdẹ kì í dá wọ igbó lọ́jọ́ kìn-ín-ní. Yóò kọ́kọ́ tẹ̀lé baba rẹ̀ tàbí ọ̀gá ọdẹ. Yóò ru àpò, yóò dá iná, yóò sì máa wo bí àgbà ti ń ṣe. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ó yẹ kí ó rí lórí òkun. Ẹni tí ó bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ níláti wá àgbà tí ó mọ etíkun náà, kí ó bá a jáde nígbà mélòó kan láìmú ìbọn lọ́wọ́. Awò tí a fi ń wo ọ̀nà jíjìn ni kí ó mú. Kí ó máa wo ibi tí ẹyẹ ti ń jẹun, ọ̀nà tí wọ́n ń gbà láàárín erékùṣù kan sí èkejì, àti ìgbà tí wọ́n ń dìde ní òwúrọ̀. Kí ó kọ́ láti dá wọn mọ̀ nígbà tí wọ́n bá ń fò, nítorí pé pẹ́pẹ́yẹ òkun kékeré kan wà tí wọ́n ń pè ní harlequin, tí akọ rẹ̀ ní àwọ̀ aró pẹ̀lú ilà funfun lára; òfin kò gbà kí ẹnikẹ́ni pa èyí ní etíkun náà. Ọdẹ tí kò bá lè dá ẹyẹ mọ̀ kò tíì yẹ ní ẹni tí ń gbé ìbọn.

Lẹ́yìn èyí ni ọ̀rọ̀ ìwé àṣẹ. Ìjọba ìpínlẹ̀ ní ń fún ọdẹ ní ìwé àṣẹ. Ẹni tí ó bá sì ti pé ọmọ ọdún 16 gbọ́dọ̀ ra sítáǹpù pẹ́pẹ́yẹ ti ìjọba àpapọ̀ pẹ̀lú. Ọjọ́ tí àkókò ọdẹ bẹ̀rẹ̀, ọjọ́ tí ó parí, àti iye ẹyẹ tí ẹnì kan lè pa lóòjọ́, gbogbo rẹ̀ ni ìjọba ń tò sílẹ̀ lọ́dọọdún, ó sì lè yí padà. Ọdẹ níláti béèrè kí ó tó jáde, nítorí pé àìmọ̀ kì í ṣe àwáwí níwájú adájọ́.

Wàyí o, ọ̀rọ̀ kan ọkọ̀. Ọkọ̀ pẹlẹbẹ tí a fi ń kọjá adágún kékeré kò yẹ fún òkun. Ọkọ̀ òkun níláti ga létí, kí ó gbòòrò nídìí, kí ẹ̀rọ rẹ̀ sì lágbára tó láti dojú kọ ìgbì nígbà tí afẹ́fẹ́ bá yí padà. Nínú rẹ̀ ni kí a ti rí ìdákọ̀ró tí okùn rẹ̀ gùn dáadáa, àjẹ̀, igbá tí a fi ń gbọ́n omi, kọ́ńpáàsì nítorí kùrukùru, àti rédíò tí a lè fi ké sí àwọn ẹ̀ṣọ́ etíkun. Kí olúkúlùkù wọ ẹ̀wù tí ń mú ènìyàn léfòó. Wíwọ̀ ni a wí, kì í ṣe kí a ká a sábẹ́ ìjókòó. Kí a sì tó kúrò nílé, kí a sọ fún ẹnì kan ibi tí à ń lọ àti wákàtí tí a ó padà, kí ó lè mọ ìgbà tí ó yẹ kí ó ké gbàjarè.

Àwọn tí ó mọ̀ nípa omi tútù ti fi ewu rẹ̀ sínú iye mẹ́ta tí ó rọrùn láti rántí: 1, 10, 1. Ẹni tí ó bá ṣubú sínú omi tí ó tutù bẹ́ẹ̀ ní nǹkan bí ìṣẹ́jú 1 láti kápá èémí ara rẹ̀, nítorí pé òtútù náà yóò mú un mí helehele, ó sì lè fa omi símú. Lẹ́yìn náà, ó ní nǹkan bí ìṣẹ́jú 10 tí ọwọ́ àti ẹsẹ̀ rẹ̀ yóò fi gbọ́ràn sí i lẹ́nu. Ó sì ní nǹkan bí wákàtí 1 kí òtútù tó mú un dákú. Ẹni tí kò wọ ẹ̀wù ìléfòó kì í sábà rí wákàtí kan yẹn lò. Bí ọwọ́ àti ẹsẹ̀ rẹ̀ bá ti kú tipiri, omi yóò gbé e mì kí òtútù tó pa á.

Àpẹẹrẹ kan tí àwọn ọdẹ Amẹ́ríkà kò gbàgbé kò tilẹ̀ ṣẹlẹ̀ lórí òkun. Lórí odò Mississippi, ní àárín ilẹ̀ wọn, ni. Ní ọjọ́ 11 oṣù kọkànlá ọdún 1940, ilẹ̀ mọ́ láìsí òtútù púpọ̀. Ọjọ́ ìsinmi ni, ọ̀pọ̀ ọdẹ sì jáde pẹ̀lú aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Nígbà tí ó yá, ìjì dé, òjò di yìnyín, òtútù líle sì bẹ̀rẹ̀. Àwọn pẹ́pẹ́yẹ ń sá bọ̀ níwájú ìjì náà lọ́wọ̀ọ̀wọ́, wọ́n pọ̀ ju bí a ti ń rí wọn tẹ́lẹ̀ lọ. Àwọn tí ó wo ojú ọ̀run padà sílé; àwọn tí ó wo ẹyẹ dúró. Nígbà tí wọ́n fi máa gbójú sókè, ìgbì ti ga, ọkọ̀ kéékèèké kò lè kọjá mọ́. Wọ́n há sí erékùṣù àárín odò, òtútù sì pa ọ̀pọ̀ nínú wọn kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́. Lápapọ̀, ìjì náà pa ju ènìyàn 140 lọ ní àgbègbè náà. Bí odò bá lè ṣe èyí, kí ni a ó sọ nípa òkun?

Ní Maine, ewu mìíràn tún wà, èyí nì ni kíkún àti fífà omi òkun. Ní èbúté Portland, ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín ìgbà tí omi kún àti ìgbà tí ó fà tó nǹkan bíi mítà 3. Ní Eastport, ní ìhà ìlà-oòrùn, ó ju mítà 5 lọ. Àpáta tí ó yọ gedegbe ní òwúrọ̀ lè wà lábẹ́ omi kí ó tó di ọ̀sán. Orí irú àpáta bẹ́ẹ̀ ni àwọn ọdẹ sì ń sọ̀ kalẹ̀ sí láti lúgọ. Bí omi bá já ọkọ̀ wọn gbà lọ, òkun yóò máa gòkè bọ̀ díẹ̀díẹ̀ lẹ́sẹ̀ wọn, kò sì ní sí ibi tí wọn yóò sá sí. Nítorí náà ni ó fi dára kí ẹnì kan wà nínú ọkọ̀ nígbà gbogbo, kí ó máa ṣọ́ àwọn tí ó wà lórí àpáta.

Bí ọ̀rọ̀ omi bá ti yé wa báyìí, ẹ jẹ́ kí a wo ọ̀nà tí wọ́n ń gbà fa ẹyẹ mọ́ra. Pẹ́pẹ́yẹ òkun fẹ́ràn ẹgbẹ́. Bí ó bá rí irú rẹ̀ lórí omi, yóò yà síbẹ̀. Nítorí náà ni ọdẹ fi ń lo ère pẹ́pẹ́yẹ láti tan án. Láyé àtijọ́, igi ni wọ́n fi ń gbẹ́ ẹ. Lóde òní, ike ni ó pọ̀ jù, àwọn mìíràn a sì máa fi ọ̀dà dúdú àti funfun kun gálọ́ọ̀nù ike òfìfo lásán. Wọn a so ère bíi mẹ́fà títí dé méjìlá mọ́ okùn gígùn kan, wọn a sì fi ìdákọ̀ró há okùn náà mọ́lẹ̀ kí ìgbì má baà gbá a lọ. Kí ère tí ó jìnnà jù má ṣe ju mítà 30 lọ sí ibi tí ọdẹ gbé lúgọ. Lórí omi, ojú a máa tan ènìyàn, nítorí pé kò sí igi, kò sí ilé tí a lè fi wọn bí nǹkan ti jìnnà tó. Ère ìkẹyìn yẹn ni ààlà. Ẹyẹ tí kò bá wọ inú ààlà náà, kí a jẹ́ kí ó máa bá tirẹ̀ lọ.

Ìbọn tí wọ́n ń lò ni èyí tí ń fọ́n ọta wẹ́wẹ́. Òfin kò gbà kí ó ní ju ọta 3 nínú lẹ́ẹ̀kan náà. Láti ọdún 1991 ni a ti ka ọta òjé léèwọ̀ fún ọdẹ pẹ́pẹ́yẹ káàkiri Amẹ́ríkà, nítorí pé àwọn ẹyẹ ń ṣa ọta tí ó bọ́ sísàlẹ̀ omi jẹ, òjé náà sì ń pa wọ́n bí májèlé. Ọta irin ni ó wọ́pọ̀ nísinsìnyí. Ọdẹ kò gbọdọ̀ yìnbọn láti inú ọkọ̀ tí ẹ̀rọ ń tì. Kí ó pa ẹ̀rọ, kí ọkọ̀ sì dúró kí ó tó yìn. Nígbà tí ọkọ̀ bá ń rìn, kí ọta má ṣe sí nínú ìbọn rárá. Bí ọdẹ bá ju ẹyọ kan lọ nínú ọkọ̀, kí olúkúlùkù mọ ìhà tirẹ̀ tí yóò máa yìn sí, kí ẹnikẹ́ni má sì ṣe gbé ẹnu ìbọn kọjá orí ẹnì kejì.

Pẹ́pẹ́yẹ òkun kì í tètè kú. Ìyẹ́ rẹ̀ nípọn, ara rẹ̀ sì le. Bí ọta bá kàn án díẹ̀, yóò rì, yóò yọ níbòmíràn, yóò sì lọ kú sí ibi tí ẹnikẹ́ni kò ti ní rí i. Ẹran tí a ṣe léṣe tí a kò rí gbé kì í ṣe iyì fún ọdẹ. Nítorí èyí, bí ẹyẹ bá bọ́, kí a fi ohun gbogbo sílẹ̀ kí a lọ gbé e, kí a tó tún yìn sí òmíràn. Ẹni tí ó bá sì pa á níláti jẹ ẹ́. Nítorí oúnjẹ rẹ̀, ẹran rẹ̀ a máa ní òórùn bíi ti ẹja. Kí a bó awọ àti ọ̀rá rẹ̀ kúrò, kí a rẹ ẹran àyà rẹ̀ sínú omi iyọ̀ mọ́jú, kí a sì gé e pẹlẹbẹ kí a tó dín in.

Ẹnì kan lè béèrè pé kí ni ó mú òfin le tó báyìí. Ìtàn ni yóò dá a lóhùn. Ní etíkun yìí kan náà ni pẹ́pẹ́yẹ òkun kan gbé wà rí tí a ń pè ní pẹ́pẹ́yẹ Labrador. Èyí tí a mọ̀ dájú pé ó kẹ́yìn nínú wọn, ẹ̀bá erékùṣù Long Island ní New York ni a ti yìnbọn pa á ní ọdún 1875. Àwọn onímọ̀ kò fi ohùn ṣọ̀kan lórí ohun tí ó run ìdílé ẹyẹ náà, ṣùgbọ́n ó ṣòro láti gbà pé ẹni tí ó yin ìbọn náà mọ̀ pé ìkẹyìn ni òun pa.

Áídà pàápàá fẹ́rẹ̀ẹ́ tẹ̀lé e. Àwọn ènìyàn ń kó ẹyin rẹ̀, wọ́n ń kó ìyẹ́ múlọ́múlọ́ tí ó fi tẹ́ ìtẹ́ rẹ̀, wọ́n sì ń pa á láìní ìwọ̀n, tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi jẹ́ pé ìwọ̀nba díẹ̀ ni ó ṣì ń pa ọmọ ní etíkun Maine nígbà tí ọ̀rúndún ogún bẹ̀rẹ̀. Ní ọdún 1916, Amẹ́ríkà àti Bìrìtéènì, tí ó fọwọ́ sí i fún Kánádà, bá ara wọn ṣe àdéhùn láti dáàbò bo àwọn ẹyẹ tí ń ṣí láti ilẹ̀ kan dé èkejì. Ní 1918, Amẹ́ríkà gbé òfin kalẹ̀ láti mú àdéhùn náà ṣẹ. Ní 1934 ni a dá sítáǹpù pẹ́pẹ́yẹ sílẹ̀ ní dọ́là 1, J. N. Darling ni ó ya àwòrán ti àkọ́kọ́. Láti 2015, dọ́là 25 ni owó rẹ̀. Owó yìí ni a fi ń ra àbàtà àti irà tí àwọn ẹyẹ omi ń gbé, kí ẹnikẹ́ni má baà gbẹ́ wọn. Ní 1935, a ka fífi ààyè pẹ́pẹ́yẹ tan ẹyẹ àti dída oúnjẹ sílẹ̀ fún un léèwọ̀. Díẹ̀díẹ̀ ni áídà tún fi pọ̀ ní erékùṣù Maine. Síbẹ̀, ní ọdún àìpẹ́ yìí, iye wọn ti tún ń dín kù ní ibì kan, ìjọba sì ti dín iye tí ọdẹ lè pa kù pẹ̀lú.

Àwọn baba wa a máa wí pé bí ọdẹ bá ro ìṣẹ́, tí ó ro ìyà, bí ó bá pa ẹran, kò ní fún ẹnì kan jẹ. Ìyà ọdẹ òkun kò kéré. Yóò jí ní òru, afẹ́fẹ́ yóò fi omi iyọ̀ gbá a lójú, ìka rẹ̀ yóò gan. Bí ó bá ro gbogbo èyí, ó lè sọ fún ara rẹ̀ pé ó yẹ kí òun pa ẹyọ kan sí i, tàbí kí òun dúró fún ìṣẹ́jú díẹ̀ sí i bí ojú ọ̀run tilẹ̀ ń ṣú. Ní àkókò yẹn gan-an ni a ó mọ̀ bóyá ẹ̀kọ́ rẹ̀ wọ̀ ọ́ lára. Ohun tí a fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ohun tí a fi agbára mú ní í le koko bí ojú ẹja. Ọdẹ tí ó padà wálé pẹ̀lú ẹyẹ méjì, tàbí láìmú nǹkan kan bọ̀ rárá, yóò tún rí ọ̀la láti jáde, yóò sì bá ẹyẹ lórí omi. Ẹni tí kò bá mọ bí a ti ń kọ̀ lè pàdánù méjèèjì.

ÌBÉÈRÈ

1. Kí ni òǹkọ̀wé sọ pé ọdẹ òkun kọ́kọ́ gbọ́dọ̀ kọ́? Dárúkọ ọ̀nà mẹ́ta tí ó gbà ṣe àlàyé rẹ̀.
2. Ṣe àlàyé ohun tí 1, 10, 1 dúró fún.
3. Báwo ni ọdẹ ṣe ń lo ère ìkẹyìn láti fi wọn bí ẹyẹ ti jìnnà tó?
4. Kí ni ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín àwọn tí ó padà sílé àti àwọn tí ó dúró ní ọjọ́ 11 oṣù kọkànlá ọdún 1940?
5. Kọ àròkọ lórí iṣẹ́ kan ní àdúgbò rẹ tí ẹni tí ń ṣe é níláti mọ ìgbà tí ó yẹ kí ó dáwọ́ dúró.